Iná Wo?

Kò sí ọ̀rọ̀ tí Ṣókí kò lè gé kúrú. Bí o bá kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta sí i, ìlà méjì ni yóò fi dá ọ lóhùn, gbogbo ohun tí o béèrè á sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì bá a mu débi pé ìyá rẹ̀ gan-an fi ń pè é nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Bí inú ìyá kò bá dùn, orúkọ àbísọ ni yóò fà yọ, tòun ti orúkọ bàbá.

Inú ìyá dùn láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí à ń wí yìí. Ó ti lọ aṣọ ọmọ rẹ̀, ó ti nu bàtà rẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò jẹ́ kó ráyè wọṣọ.

"Aago mẹ́wàá lo sọ, àbí?"

"Aago mẹ́wàá ni, mà."

"Tí Alága bá ti gbé lẹ́tà iṣẹ́ yẹn lé ọ lọ́wọ́, má já a lójú ọ̀nà o. Gbé e wálé. Èmi ni mo máa ṣí i."

"Mọ́mì, wọn ò tíì fún mi."

"Wọ́n á fún ọ. Ṣé kì í ṣe ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ ni? Mo ti sọ fún àbúrò mi, mo ti sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn nìkan á ti sọ fún ogójì ènìyàn."

Alága tí wọ́n ń sọ ni olórí àjọ kan tó ń gbé iná sólà lọ síbi tí iná kò dé, kí àwọn ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ èéfín, kí ojú-ọjọ́ tó ti ń ṣe ségesège má baà tún bàjẹ́ sí i. Lọ́dọọdún ni yunifásítì máa ń yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì fún irú àjọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n á fi ṣe olùdámọ̀ràn: wọ́n á rìn kiri, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ṣírò, lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n á dúró níwájú àwọn àgbà àjọ, wọ́n á sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Lọ́dún yìí, ẹ̀rọ sólà ńlá kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, àdúgbò méjì ló sì ń fẹ́ ẹ, Òkè àti Ìsàlẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni kò rí iná tó? Iṣẹ́ tí wọ́n rán Ṣókí àti ẹnìkejì rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkejì náà ni Gíga, ọmọkùnrin tó ga bí òpó, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ṣúgà lọ. Ṣókí ló lọ bi àwọn ará Òkè, Gíga ló lọ bi àwọn ará Ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó fọ́ọ̀mù pọ̀, ìdáhùn yọ kedere: wákàtí mẹ́ta ni Òkè fi ń lo iná lójúmọ́, wákàtí mọ́kànlá ni Ìsàlẹ̀ fi ń lò ó. A jẹ́ pé Òkè ló ni sólà. Alága ti ka ìwé náà, orí rẹ̀ sì wú débi pé ó sọ fún Ṣókí pé àyè wà fún un ní ọ́fíìsì òun, bó bá ti lè parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ láìsí wàhálà.

Ohun kan ló kù. Fọ́ọ̀mù kọkànlélógójì ti Ìsàlẹ̀ kò ní ìtẹ̀ka. Gíga ló gbàgbé, àjọ yẹn kì í sì í ka fọ́ọ̀mù tí kò ní ìtẹ̀ka sí. Aago méje àbọ̀ ni. Ṣókí wo aago, ó gbé gbogbo fọ́ọ̀mù Ìsàlẹ̀ sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan lẹ́yìn ojú irin ni wọ́n júwe fún un. Bàbá arúgbó ló bá níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹwìrì, ó sì ń fi ẹmú yí irin kan láàárín ẹyin iná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Èmi àti ọmọkùnrin gíga kan la jọ ń ṣiṣẹ́, èyí tó wá bi yín léèrè ọ̀rọ̀ iná."

"Háà, ọmọ gíga yẹn! Ó tẹrí ba títí, ó ṣì forí gbá àtẹ́rígbà mi. Orí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti san, sà. Ìka yín ló kù tí a fẹ́ fi tẹ fọ́ọ̀mù."

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù fún mi. Mú èyí tó bá wù ọ́."

Ṣókí rẹ́rìn-ín, ó ṣí tàdáwà, ó na fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí àpótí kan. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìdáhùn tí Gíga kọ síbẹ̀, ó sì fẹ́ fi ṣe àwàdà díẹ̀ kó tó máa lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbádùn jù ní gbogbo àdúgbò yìí o. Wákàtí mẹ́rìnlá!"

"Ọpẹ́ ni. Iná mi kì í kú. Tí mo bá ti da èédú sí i láago mẹ́fà àárọ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá pè mí wá jẹun alẹ́."

Ọwọ́ Ṣókí dúró lórí tàdáwà. "Èédú? Bàbá, iná wo lẹ ń sọ?"

"Iná wo?" Bàbá na ẹmú sí ààrò. "Mélòó lo rí níbí?"

Ṣókí gbójú sókè. Kò sí gílóòbù, kò sí wáyà, kò sí ojú ihò tí wáyà lè gbà wọlé. Òpó iná wà níta lóòótọ́, wáyà sì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n orí òpó náà ni wáyà parí sí, ó ká jọ síbẹ̀.

"Ìyẹn?" bàbá wí, nígbà tó rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ. "Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti rì í. Wọ́n ní ó ku díẹ̀. Ẹyẹ ló ń gbébẹ̀ báyìí, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Ara Ṣókí tutù nini níwájú ààrò tó ń jó. Ọ̀sẹ̀ kẹta iṣẹ́ náà ló padà sí i lọ́kàn. Ìbéèrè tí àjọ fi rán wọn ni pé, Wákàtí mélòó ni ẹ fi ń rí iná mànàmáná lò lójúmọ́? Òun ló tò ó sínú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè yẹn gùn, ó ń ti fọ́ọ̀mù bọ́ sójú ewé kejì, kò sì sí ohun tó ń bí Ṣókí nínú tó fọ́ọ̀mù tó bọ́ sójú ewé kejì nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó pa "mànàmáná" rẹ́. Ó tún gé ìyókù: Wákàtí mélòó lẹ fi ń lo iná lójúmọ́? Gbogbo rẹ̀ gba ojú ewé kan péré. Olùkọ́ wọn gbé e sókè ní kíláàsì, ó ní, "Ẹ wò ó, ó ṣe ṣókí, kò sì lábùkù."

Àbùkù ọ̀hún rèé o. Ní Òkè, níbi tí wáyà ti wọ ilé, bí o bá dárúkọ iná, àjà ni wọ́n ń gbójú sí. Ní Ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n wò, níbi tí ààrò wà.

Bóyá bàbá yìí nìkan ni. Ohun tí Ṣókí ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn bó ṣe ń sáré lọ sílé tó tẹ̀ lé e. Alágbàfọ̀ kan ló bá níbẹ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ funfun.

"Wákàtí mẹ́wàá ni mo sọ fún un," obìnrin náà wí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí èédú inú áyọ́ọ̀nù, eérú fò. "Àbí ó kéré jù ni? Ẹ fi ọ̀kan lé e."

Nílé kẹta, iná tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ni. Ṣókí kò dé ilé kẹrin. Aago mẹ́sàn-án ti lù.

Gíga ti dé ọ́fíìsì àjọ ṣáájú rẹ̀. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé, ó so táì mọ́rùn, ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ògiri gbọ́. Nígbà tí Ṣókí sọ ohun tó rí fún un tán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí ẹni pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà bọ́.

"Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ," ó wí. "Mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ba ìbéèrè jẹ́."

"Ó dáa. Gbọ́ mi, jọ̀ọ́." Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé irọ́ ni pé wákàtí mẹ́ta ni Òkè ń rí? Kì í ṣe irọ́. Ṣé wọn ò nílò sólà ni? Wọ́n nílò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kú bí Òkè bá gbà á lọ́dún yìí, kí Ìsàlẹ̀ gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Bàbá alágbẹ̀dẹ ti mọ̀."

"Bàbá alágbẹ̀dẹ ò sí ní ìpàdé. Ṣókí, ronú ná. Orúkọ tìrẹ ló wà lára lẹ́tà yẹn, kì í ṣe tèmi. Tí o bá la ẹnu níbẹ̀, èmi á kàn tún iṣẹ́ ṣe ni. Ìwọ lo máa pàdánù. Ìwọ ni mò ń gbà sílẹ̀."

Ó bani nínú jẹ́ pé òótọ́ ni Gíga ń sọ, kò sì sọ ọ́ tìkàtìkà. Ṣókí yíjú sí fèrèsé. Nínú ọgbà ọ́fíìsì náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, wọ́n ti di páńẹ́lì àti bátìrì mọ́ ọn lẹ́yìn pẹ̀lú okùn, awakọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ibi tí wọ́n bá ní kó lọ ló ń lọ. Ṣókí rántí ìyá rẹ̀ àti ogójì ènìyàn tó ti gbọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. "Ẹ wọlé o, àwọn olùdámọ̀ràn," ẹnìkan wí.

Àwọn àgbà márùn-ún ló jókòó yí tábìlì ká, Alága wà láàárín wọn. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, bàtà rẹ̀ ń dán, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, bóyá nítorí náà ló ṣe fẹ́ràn Ṣókí. Olùkọ́ wọn wà lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó. Abẹ́ ọwọ́ Alága ni àpò ìwé funfun kan wà, orúkọ Ṣókí sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà, odidi, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí.

Gíga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ki àwọn àgbà, ó dá wọn lẹ́rìn-ín, ó tan àwòrán sára ògiri: Òkè, mẹ́ta, Ìsàlẹ̀, mọ́kànlá. Àwọn àgbà mi orí pé ó dára. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wá gègé tí yóò fi buwọ́ lùwé. Gíga yíjú sí Ṣókí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rù bà á. Mi ò ní parọ́ fún yín pé akọni ni. Ó wo àpò ìwé funfun yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló wí pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì buwọ́ lù ú. Mọ́kànlá yẹn kì í ṣe òótọ́."

Ó ṣàlàyé. Ó sọ ti alágbẹ̀dẹ, ó sọ ti áyọ́ọ̀nù, ó sọ ti búrẹ́dì. Àgbà tó ń wá gègé bú sẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rín in, ó sì gbé e mì.

"Ta ló yọ mànàmáná kúrò nínú ìbéèrè wa?" Alága béèrè.

Olùkọ́, ẹni tó gbé fọ́ọ̀mù sókè ní kíláàsì, ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn.

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Kó lè gba ojú ewé kan, mà."

Alága ò bínú sókè. Kò pariwo; ì bá sàn kó pariwo. Ó fa àpò ìwé funfun náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó jù ú sínú báàgì. Ṣókí gbọ́ bí báàgì ṣe pa dé.

"Àwọn tó ta wá lọ́rẹ ẹ̀rọ yìí fẹ́ gbọ́ ibi tó ń lọ kó tó di aago mẹ́rin òní," Alága wí. "Bí a ò bá lè sọ, ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé e lọ. Òkè kò ní í rí i, Ìsàlẹ̀ kò ní í rí i. Ilé mélòó lẹ bi ní Ìsàlẹ̀?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta, mà."

"Ẹ padà lọ bi gbogbo wọn. Kó pé, tàbí kó má wá. Àbọ̀ iṣẹ́ ló gbé wa débí."

Wọ́n pín in sí méjì, mẹ́tàlélógún fún Gíga, mẹ́tàlélógún fún Ṣókí. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Gíga tú táì rẹ̀, ó fi sápò, ó ní, "O ya wèrè," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Láti ìgbà yẹn, ó di ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn. Iná mànàmáná o, ìyá, kì í ṣe ti ààrò. Èyí tó ń gba inú wáyà wá. Odo. Odo. Wákàtí kan, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ṣiṣẹ́. Odo. Ọkùnrin kan lé Ṣókí jáde, ó ní òun ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ṣé wọ́n rò pé òun ń parọ́ ni. Ṣókí dọ̀bálẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu kí ọkùnrin náà tó tẹ̀ka. Láago mẹ́ta, Gíga parí tirẹ̀, Ṣókí sọ ilé tó kù fún un, ó sì kó gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe lọ sọ́dọ̀ Alága. Fóònù Gíga ti kú láti aago méjì. Ti Ṣókí ku ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ku ẹyọ kan: ilé ìgbẹ̀bí.

Láago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ló kan ilẹ̀kùn náà. Yàrá méjì ni, òrùlé páànù, fèrèsé kan ṣoṣo tó kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn, tí ọ̀sán gangan kò fi lè mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Fíríjì àjẹsára kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí sílẹ̀, fáìlì ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ìkérora obìnrin kan ń bọ̀ láti yàrá kejì.

"Ta nìyẹn?" Ohùn náà ń jáde láàárín eyín. Agbẹ̀bí ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lẹ́nu rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyìn. "Ṣé fóònù rẹ níná?"

"Díẹ̀ ló kù, mà. Mo wá nítorí fọ́ọ̀mù…"

Agbẹ̀bí tu tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Fọ́ọ̀mù kọ́ là ń bí níbí. Bọ́ síbí. Di iná mú. Ibí ni kó o tàn án sí, má wo ibòmíràn, má sì dákú fún mi."

Ṣókí tan fóònù. Obìnrin tó ń rọbí na ọwọ́, ó wá ohun tí yóò dì mú, ọwọ́ òsì Ṣókí ló bá. Ó dì í mú débi pé Ṣókí fẹ́ bá a ké. Ìdá méje. Ìdá mẹ́fà. Agbẹ̀bí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Mí. Má tíì tì. Mí, ìyá mi. Wàá gbọ́ ohùn rẹ̀ láìpẹ́."

Fóònù dún.

Ó gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà gbọ̀n lára ògiri. Ṣókí kò nílò kó yí i kó tó mọ ẹni tó ń pè. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ti yẹ kó wà lójú ọ̀nà.

"Má mì!" agbẹ̀bí wí.

"Ọ̀gá mi ni, mà. Wọ́n ń dúró dè mí."

"Bí o bá gbé e sétí, n ò ríran mọ́." Ohùn agbẹ̀bí yí padà lójijì. "Ìwọ́ ti yí i lọ́rùn. Bọ́ síwájú. Síwájú sí i. Má jẹ́ kí iná yẹn yẹ̀."

Fóònù dákẹ́, ó tún dún. Ó dákẹ́, ó tún dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ṣókí mọ ohun tó ń dún yẹn dáadáa. Lẹ́tà ni, àti ọ̀sẹ̀ méjìlá, àti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àti ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gba ọ̀nà ìlú mìíràn lọ. Omijé ń bọ́ sí i lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Ìka agbẹ̀bí wọ abẹ́ ìwọ́ náà, ó fà á jẹ́jẹ́, ó gbé e kọjá orí kékeré kan tó ti pọ́n dúdú.

"Tì báyìí! Tì í!"

Ọmọ náà jáde láìké. Agbẹ̀bí nù ún lẹ́nu, ó fi aṣọ ra á lẹ́yìn, ó gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ké. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Igbe kan jáde, tínrín, tinú-bíbí, obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà bú sẹ́kún pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù Ṣókí kú pátápátá.

"Iná ti kú!" agbẹ̀bí pariwo nínú òkùnkùn. "Ibi ọmọ ò tíì jáde, mo sì fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀. Lọ wá òmíràn wá, kíá!"

Ṣókí sáré jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Alága lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gíga wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn Gíga, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wọn wá dí gbogbo òpópónà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́," Alága wí, ojú rẹ̀ le. "Kí ló dé tí o ò gbé e?"

"Iná ló wà lọ́wọ́ mi, mà."

"Iná wo?"

Láti ọ̀sẹ̀ méjìlá, nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn kí àárọ̀ yìí tó mọ́. Ṣókí la ẹnu, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò gé nǹkan kan kúrò.

"Iná fóònù mi, mà, tí mo tàn sí obìnrin tó ń rọbí nínú ilé yìí, kí agbẹ̀bí lè rí ìwọ́ tó yí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, torí pé iná mànàmáná ò wọ ibí rí látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, fíríjì àjẹsára wọn ti di àpótí fáìlì, fóònù náà ti wá kú báyìí, wọn ò sì tíì ṣe tán, ẹ jọ̀ọ́, mà."

Alága wo ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ọwọ́ aṣọ Ṣókí, èyí tí ìyá rẹ̀ lọ láàárọ̀. Ó wo fíríjì tó kún fún fáìlì. Ó yọ fóònù tirẹ̀, ó pe àwọn tó fi ẹ̀rọ ta wọ́n lọ́rẹ, ó dúró kí wọ́n gbé e.

"Ìsàlẹ̀ ni," ó wí, ó sì pa á.

"Mà, fọ́ọ̀mù ku ẹyọ kan," Gíga wí láti ẹ̀yìn.

"Mo ti rí ẹyọ kan náà."

Ti lẹ́tà, kò sọ ọ́, Ṣókí náà kò béèrè. Láti inú ilé, agbẹ̀bí tún ké: "Níbo ni iná yẹn wà o?" Alága tan iná fóònù rẹ̀, ó bọ́ bàtà dídán náà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.